Ìjà àwọn tó dáwó fún géèmù: Ẹ̀kọ́ fún oníṣòwò tó ń gbowó kó tó ṣiṣẹ́

Kò sí télọ̀ kan ní Takie, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ṣe máa ń rí. Ìgbéyàwó ń bọ̀, ogójì èèyàn fẹ́ wọ aṣọ kan náà, wọ́n sì ní kí télọ̀ gba owó lọ́wọ́ kálukú, kó lọ ra aṣọ náà, kó sì bá wọn rán an. Owó ti wọlé kí wọ́n tó ti sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, ọ̀rọ̀ náà á dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá gbówó lórí lọ́jà, tàbí tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí wọ́n sún ọjọ́ ìnáwó síwájú, ìgbà náà ni télọ̀ á mọ̀ pé ogójì èèyàn tó sanwó kò ronú bákan náà. Ẹnì kan á ní kó dá owó òun padà lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n fún un láyè. Ẹnì kẹta á dojú ìjà kọ ẹnì kejì, pé kí ló dé tó ń gbè é lẹ́yìn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí iléeṣẹ́ kan l'Amẹ́ríkà, Gun Media lorúkọ rẹ̀, láàárín ọdún 2015 sí 2023. Dípò aṣọ ẹbí, géèmù adẹ́rùbani ni wọ́n gbowó lé lórí. Dípò ogójì èèyàn, àwọn tó dáwó lé ní ẹgbẹ̀rún méjìlá. Owó tí wọ́n rí kò kéré, géèmù náà sì jáde lóòótọ́. Síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, wọ́n sì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdí tá a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sójú ewé yìí ni pé púpọ̀ nínú àwa oníṣòwò kékeré ló ń gba owó ṣáájú ọjà, yálà a mọ̀ ọ́n ní ìdáwójọ tàbí a kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó dá ìjà yẹn sílẹ̀ á mọ bóun ṣe lè gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ láì sọ wọ́n di ọ̀tá.

KÌ Í ṢE ÀJỌ, KÌ Í ṢE ÈÉSÚ

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń ran ara wọn lọ́wọ́: àáró wà fún iṣẹ́ oko, ọ̀wẹ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, èésú àti àjọ sì wà fún ẹni tó nílò owó. Títí dòní, alájọ ṣì ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tó ń sàmì sínú káàdì àwọn oníbàárà rẹ̀.

Nínú èésú, owó lèèyàn ń dá, owó náà ló sì máa kó, gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ ẹni tó kàn. Lọ́wọ́ alájọ, owó oníbàárà ni wọ́n ń bá a tọ́jú, alájọ á sì yọ owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú ìdáwójọ tá à ń sọ yìí, owó lèèyàn mú sílẹ̀, ohun tí kò tíì sí láyé ló ń retí. Kò yá oníṣòwò lówó, nítorí náà kò ní èlé tó máa gbà. Kò ra ìpín nínú iléeṣẹ́, nítorí náà kò sí nínú èrè. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì ra ọjà, nítorí ọjà náà kò tíì sí lórí igbá. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ohun tẹ́ni tó sanwó pe ara rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ohun tẹ́ni tó gbowó pè é.

Iléeṣẹ́ tó sọ irú ìdáwójọ yìí di ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni Kickstarter, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú New York lọ́dún 2009. Ẹni tó ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe á kọ ọ́ síbẹ̀, á sọ iye tó nílò, á sì dá ọjọ́ tí ìdáwó máa parí. Bí owó náà kò bá pé títí di ọjọ́ yẹn, wọn kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá pé, Kickstarter á yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń bá wọn gbowó náà á yọ tiwọn, ìyókù á sì lọ sọ́wọ́ ẹni tó ni iṣẹ́. Kickstarter kò ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ náà máa parí.

BÍ ÌTÀN GÉÈMÙ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Lọ́dún 1980, fíìmù adẹ́rùbani kan jáde l'Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Friday the 13th. Sean Cunningham ló darí rẹ̀, Victor Miller ló kọ ìtàn rẹ̀. Fíìmù náà tà gan-an, wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀ òmíràn tẹ̀ lé e. Jason, apààyàn tó máa ń fi ìbòjú bojú, tó ń lé àwọn ọ̀dọ́ kiri ní àgọ́ ìsinmi létí odò, di ẹni tí gbogbo olólùfẹ́ fíìmù adẹ́rùbani mọ̀.

Gun Media kò kọ́kọ́ ní àṣẹ láti lo orúkọ fíìmù yìí. Géèmù tiwọn ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Summer Camp, tó kàn jọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Cunningham gbọ́ nípa rẹ̀, ó fún wọn láǹfààní láti lo orúkọ Friday the 13th fúnra rẹ̀. Àfi bí ìgbà tẹ́ni tó ń ta àdín lẹ́bàá ọ̀nà bá ṣàdédé rí iléeṣẹ́ ńlá tó ní kó máa fi orúkọ òun tajà.

Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2015, wọ́n gbé e lọ sórí Kickstarter. Dọ́là 700,000 ni wọ́n bèèrè. Nígbà tí ìdáwó parí ní oṣù kọkànlá, dọ́là 823,704 ni wọ́n rí, látọwọ́ èèyàn 12,218. Ẹ ṣírò rẹ̀: nǹkan bíi dọ́là 67 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún ṣírò ti Kickstarter: ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn lé ní dọ́là 41,000, ó sì ti lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iye tí wọ́n polongo kọ́ ló wọlé sápò wọn.

Ohun tí wọ́n ṣèlérí yé gbogbo èèyàn. Ẹnì kan á jẹ́ Jason, àwọn bíi méje á máa sá fún un, gbogbo wọn á sì pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kálukú láti ilé tirẹ̀.

ÌJÀ ÀKỌ́KỌ́: ÌLÉRÍ TÓ Ń PỌ̀ SÍ I

Ọdún 2016 ni wọ́n ní géèmù náà máa jáde. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n kéde pé ó di ọdún 2017. Wọ́n sì fi ìlérí tuntun kún un: àwọn máa ṣe apá kan tẹ́ni kan ṣoṣo lè gbá láì bá ẹnikẹ́ni pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lójú oníṣòwò, ohun tó dáa ni wọ́n ṣe. Ọjọ́ sún, wọ́n sì fi ẹ̀bùn tu àwọn èèyàn nínú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn tó fẹ́ràn àtimáa dá gbá géèmù yọ̀, wọ́n ní ìgbà yìí ni géèmù náà tó pé. Àwọn tó jẹ́ pé ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n dáwó lé ní ta ló ní kí wọ́n fi nǹkan tuntun kún un, kí wọ́n parí èyí tí wọ́n gbowó rẹ̀ ná. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ti sanwó, ẹgbẹ́ méjèèjì ló sì ní ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tó tẹ́ apá kan lọ́rùn ló ń bí apá kejì nínú.

Apá tẹ́ni kan ṣoṣo lè dá gbá yìí, èyí tí wọ́n wí ní 2016, kò jáde bí wọ́n ṣe ṣèlérí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi nǹkan sílẹ̀, títí kan àwọn ìdánrawò kan tí wọ́n gbé jáde ní 2018. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìlérí tí ẹnikẹ́ni kò fipá bèèrè lọ́wọ́ wọn ló di ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn.

ÌJÀ KEJÌ: ỌJỌ́ TÍ ỌJÀ DÉ

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2017 ni géèmù náà jáde. Èrò pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó yẹ kó máa so àwọn tó ń gbá a pọ̀ kò gbé ẹrù náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń retí rẹ̀ láti ọdún kan ààbọ̀ kò rí i gbá dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Níbí náà, olólùfẹ́ pín. Apá kan ní iléeṣẹ́ kékeré ni, èrò tó pọ̀ ló fa ìṣòro, àpẹẹrẹ pé ọjà náà dùn ni. Apá kejì ní àwọn kọ́ làwọn máa bá oníṣòwò ru ìṣòro èrò tó pọ̀. Owó àwọn ti wà lọ́wọ́ wọn láti 2015, wọ́n sì mọ iye èèyàn tó dáwó. Ẹ ronú bákárì tó gba owó búrẹ́dì ọdún sílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án, tí ìyẹ̀fun wá tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún gan-an. Èrò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ní ìwé tí orúkọ gbogbo wọn wà.

ÌJÀ KẸTA: ẸJỌ́ TÍ WỌN KÒ SÍ NÍNÚ RẸ̀

Èyí tó fọ́ ọ̀rọ̀ náà pátápátá kò ti inú iléeṣẹ́ géèmù wá. Òfin Amẹ́ríkà gba àwọn òǹkọ̀wé kan láyè láti gba iṣẹ́ tí wọ́n ti fi lélẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, Victor Miller kọ ìwé pé òun fẹ́ gba ìtàn fíìmù àkọ́kọ́ yẹn padà. Àwọn iléeṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ Cunningham ní rárá, òṣìṣẹ́ ni Miller nígbà tó kọ ọ́, àwọn tó gbà á síṣẹ́ ló ni iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́ lọ́dún yẹn kan náà.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ náà. Oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni ìdáwó parí, ọdún 2016 ni ìwé Miller jáde. Owó ti wọlé tán kí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó ni orúkọ tí wọ́n fi gbowó. Gun Media kì í ṣe olùpẹjọ́, kì í ṣe olùjẹ́jọ́, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí ló kọ́lé sí.

Ní oṣù kẹfà, ọdún 2018, Gun kéde pé nítorí ẹjọ́ náà, kò sí ohun tuntun tó máa wọnú géèmù náà mọ́. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe lọ́wọ́, tí wọ́n ti fi han àwọn èèyàn, dúró síbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ dá Miller láre: ó ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún ni. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ilé ẹjọ́ náà tún gbe Miller.

Láàárín gbogbo ìyẹn, àwọn olólùfẹ́ géèmù ń bá ara wọn jà. Àwọn kan bínú sí Miller, wọ́n ní ó ba nǹkan tó dùn jẹ́. Àwọn kan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń jà fún, ta ló máa rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tí kò ní béèrè. Àwọn kan ní Gun ń fi ẹjọ́ bojú ni, pé agbára wọn ti tán tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n fi iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, òfin ló dè é lọ́wọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè jáwèé olúborí, nítorí kò sí ìwé kan tí gbogbo wọn fọwọ́ sí ní 2015 tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá dé.

Ní ìparí oṣù kejìlá, ọdún 2023, àṣẹ tí wọ́n fún Gun láti lo orúkọ náà tán, wọ́n sì yọ géèmù náà kúrò lórí igbá. Ẹni tó ti ra tirẹ̀ ṣì ń gbá a lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tuntun tó tún lè rà á.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ẹjọ́ yẹn tó kan oníṣòwò Takie tààrà. Bí ẹ bá gbéṣẹ́ fún ọ̀dọ́mọdé kan pé kó ya àmì iléeṣẹ́ yín, tàbí kó kọ orin ìpolówó yín, ẹ má rò pé nítorí pé ẹ sanwó, tiyín ni. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà pẹ̀lú, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022, ìlànà gbogbogbòò ni pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, ló ni ín, àyàfi bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti di tiyín. Ìwé ojú kan péré tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ti tó láti dènà ẹjọ́ ọdún márùn-ún.

KÍ LÓ DÉ TÍ ÀWỌN OLÓLÙFẸ́ FI Ń BÁ ARA WỌN JÀ?

Ẹni tó bá wo ìjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á rí i pé irú èèyàn mẹ́ta ló wà nínú àwọn tó dáwó.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tó fi owó rẹ̀ ṣe ìrànlọ́wọ́. Ó fẹ́ràn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà, ó fẹ́ kó rí bá ṣe. Bí iṣẹ́ bá pẹ́, á ní kò burú. Lọ́kàn tirẹ̀, ọ̀wẹ̀ ló wá ṣe.

Ẹnì kejì ni oníbàárà. Ọjà ló rà, ó kàn sanwó ṣáájú ni. Kò fẹ́ mọ ìṣòro yín. Bí ọjọ́ bá pé, kí ẹ gbé ọjà rẹ̀ wá.

Ẹnì kẹta ni ẹni tó ka ara rẹ̀ sí alájọni. Ó ní owó òun ló bí nǹkan náà, nítorí náà, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ òun kí wọ́n tó yí ohunkóhun padà.

Iye kan náà làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta san, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì san án. Oníṣòwò tó ń gbowó kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Nígbà tí nǹkan dùn, kò hàn. Ìgbà tí nǹkan bà jẹ́ ni kálukú mú ìdí tirẹ̀ jáde. Ìjà tó dà bíi pé ó wà láàárín olólùfẹ́ àti olólùfẹ́, àìsọ̀rọ̀ oníṣòwò ló dá a sílẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n tètè dá ọwọ́ dúró. Lọ́dún 2015 kan náà, wọ́n gbé géèmù adẹ́rùbani mìíràn, Allison Road, wá sórí Kickstarter láti ìlú ọba, wọ́n sì bèèrè pọ́n-ùn 250,000. Kí ọjọ́ tó pé, wọ́n rí iléeṣẹ́ ńlá kan, Team17, tó fẹ́ gbé e jáde, wọ́n sì fòpin sí ìdáwó náà fúnra wọn. Lọ́dún 2016, wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé iṣẹ́ náà. Ó dun àwọn tó ń retí rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹnikẹ́ni kò sí lọ́wọ́ wọn, nítorí wọn kò tíì gba owó náà nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró. Ìbànújẹ́ yàtọ̀ sí gbèsè.

TI ILẸ̀ WA ŃKỌ́?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Lórílẹ̀-èdè Cameroon, tó jẹ́ aládùúgbò wa, Olivier Madiba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Kiro'o Games, nílùú Yaoundé, ṣe géèmù Aurion. Láti ọdún 2003 ni Madiba ti ní i lọ́kàn. Wọ́n kọ́kọ́ wá àwọn tó máa ra ìpín nínú iléeṣẹ́ náà. Ìgbà tí iṣẹ́ ti rìn jìnnà ni wọ́n tó lọ sórí Kickstarter lọ́dún 2015. Euro 40,000 ni wọ́n bèèrè, ohun tí wọ́n rí sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2016, géèmù náà jáde. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: àwọn onípìn-ín wà lọ́tọ̀, àwọn oníbàárà wà lọ́tọ̀, wọn kò sì da àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ìdáwójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbilẹ̀ jù. Lọ́dún 2020, iléeṣẹ́ ThriveAgric, tó ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú láti fi ti àwọn àgbẹ̀ lẹ́yìn, pẹ́ kó tó san owó àwọn kan lára wọn. Iléeṣẹ́ náà ní àrùn Kòrónà ló dí ọjà lọ́wọ́, ó sì ṣèlérí láti san án. Ní gbangba níbẹ̀ náà, àwọn tó dáwó pín: àwọn kan ń pariwo, àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀ fún sùúrù.

Ní oṣù kìíní, ọdún 2021, SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, gbé òfin jáde lórí ìdáwójọ tó bá jẹ́ ti ìdókòwò. Òfin náà ní iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbowó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀, kó sì ti lo ọdún méjì ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kó ní alábàáṣiṣẹ́ tó dáńtọ́. Láàárín oṣù méjìlá, iléeṣẹ́ tó kéré jù kò gbọ́dọ̀ gbà ju mílíọ̀nù 50 náírà lọ, èyí tó tẹ̀ lé e mílíọ̀nù 70, èyí tó tóbi díẹ̀ mílíọ̀nù 100. Aráàlú lásán kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sí i.

Bí ẹ bá ti sọ fáwọn èèyàn pé owó tí wọ́n mú wá máa bí owó, ẹ ti wọ agbègbè àjọ yẹn. Bó bá jẹ́ pé ọjà lásán lẹ gbowó lé, ẹ rántí pé FCCPC, tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀ láti máa dáàbò bo oníbàárà, wà fún ẹni tó sanwó tí kò rí ọjà gbà.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ̀ télọ̀ wa. Ká ní ogójì èèyàn san ₦15,000 níkọ̀ọ̀kan. ₦600,000 nìyẹn. Aṣọ máa gba ₦400,000, òwú, síìpù àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́ máa gba ₦120,000. ₦80,000 ló kù tó lè pè ní tirẹ̀. Bí aṣọ bá fi ₦2,000 péré lé lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó dé ọjà, ₦80,000 yẹn ti lọ. Bí èèyàn márùn-ún bá wá ní kó dá owó àwọn padà lẹ́yìn tó ti gé aṣọ, ₦75,000 máa ti inú àpò òun fúnra rẹ̀ jáde. Nítorí náà:

Àkọ́kọ́, ẹ sọ orúkọ owó náà. Ṣé ìrànlọ́wọ́ ni, àbí ọjà, àbí ìdókòwò? Ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì, kí ẹni tó sanwó rí i kó tó sanwó.

Èkejì, ẹ kọ ọjọ́, kí ẹ sì kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá yẹ̀. Títí di ọjọ́ wo lẹ lè dá owó padà? Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ra ohun èlò, èló lẹ máa yọ? Ẹni tó bá bínú lẹ́yìn náà, ìwé ló máa bá jà, kò ní í bá ẹlòmíì jà.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ìlérí tuntun tọrọ àforíjì fún ìlérí tó pẹ́. Bí ẹ bá pẹ́, ẹ tọrọ àforíjì, kí ẹ sì parí èyí tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ rí i dájú pé ohun tí ẹ fi ń gbowó jẹ́ tiyín: orúkọ, àwòrán, àti ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ àṣẹ lẹ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ wo ọjọ́ tó máa tán, kí ẹ sì sọ ọ́ fáwọn tó ń dáwó.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ya owó náà sọ́tọ̀. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú owó oúnjẹ ilé tàbí owó ilé ìwé ọmọ. Títí ọjà fi máa dé ọwọ́ ẹni tó sanwó, owó onílé ni.

Ẹ̀kẹfà, ẹ máa sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan kò bá dára. Bí oníṣòwò bá dákẹ́, àwọn oníbàárà á máa bá a dáhùn, ìdáhùn wọn kò sì ní í bára mu láé.

Àwọn tó gba dọ́là 823,704 kì í ṣe olè. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe, géèmù sì jáde. Ohun tí wọn kò ní ni àdéhùn tí gbogbo èèyàn kà sí bákan náà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò pọn dandan ká ní ẹgbẹ̀rún méjìlá oníbàárà kí irú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ogójì ti tó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ẹni tó bá gba ₦15,000 lọ́wọ́ oníbàárà lónìí, orúkọ tó máa fi tajà lọ́dún tó ń bọ̀ ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti tọ́jú.